Òróró Yín Ní Igun Lẹ́tà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọdún kejì rèé tí ẹ ti sinmi, inú àga yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo sì jókòó sí kọ èyí. Ọ̀sán Sátidé ni, ilé pa rọ́rọ́, mo sì ti tún gbé ife tíì lé apá àga níbi tí ẹ kì í fẹ́ ká gbé e sí. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ti wà lẹ́nu mi láti bí oṣù mẹ́sàn-án. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́, kódà fún ẹ̀yin tí ẹ kò lè dá mi lóhùn.

Dàre wà lẹ́wọ̀n.

Dàre yín, àbíkẹ́yìn yín, tí ẹ máa ń gbé kọ́ èjìká ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dagenham East níbí nílùú òyìnbó nígbà tí ẹ bá parí iṣẹ́ ìgbálẹ̀ yín, kó lè juwọ́ sí àwọn awakọ̀. Ṣé ẹ ti mọ̀ kí n tó sọ ọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló ní kó bá àwọn wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ kó ẹrù kan. Ẹrù olè ni. Ó fura, ó kàn fi ara rẹ̀ ṣe ẹni tí kò rí i ni. Ọlọ́pàá dá wọn dúró lójú títì, wọn kò gba onídùúró rẹ̀, wọ́n ní kó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Nígbà tí àwọn ará ìjọ ń bèèrè rẹ̀, mo ní ó ti ríṣẹ́ sí Manchester. Ẹnu tí mo fi ń kọrin ìyìn ni mo fi purọ́ yẹn, Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin léraléra. Mo tiẹ̀ fi kún un pé wọ́n ti fi jẹ ọ̀gá níbẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í mọ ibi tí ó yẹ kí n dúró.

Bàbá mi, ènìyàn kì í pe ẹlẹ́wọ̀n. Òun ló ń pe ènìyàn, àwọn tí orúkọ wọn bá wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan ló sì lè pè. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú ti Dàre, èmi ni. Fóònù á dún, a ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò sì gé ká tó délẹ̀ ọ̀rọ̀. Inú àpò aṣọ ìdáná mi ni mo ń gbé fóònù sí ní kíṣìnì ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà Alibon. Ọ̀gá mi, obìnrin òyìnbó kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún sórí ọ̀dùnkún. Ó kàn ní bí fóònù bá ti dún, kí n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Mo sì ń lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Wọ́n á yẹ ara mi wò, wọ́n á ní kí n tú gèlè mi, ajá kan á gbóòórùn bàtà mi. Àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dàre kò lè gbé ojú sókè. Mo ń sọ fún un nípa ìrẹsì tí mo jó mọ́ ìkòkò, mo ń sọ nípa aládùúgbò wa tó kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, títí tó fi wò mí lójú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àṣìṣe mi fún yín, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ kì í fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mú ìgò òróró ólífì kékeré yẹn jáde nínú dúrọ́ọ̀, kí ẹ fi ìka kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé náà, kí ẹ ka Sáàmù sí i kí ẹ tó pa àpò rẹ̀ dé. Ìbáà jẹ́ lẹ́tà sí Ìjẹ̀bú, ìbáà jẹ́ ìwé owó iná. Ẹ rántí fọ́ọ̀mù láísẹ́ńsì Dàre? Wọ́n dá a padà nítorí òróró ti gba fọ́tò rẹ̀ lójú. Dàre bínú débi pé kò jẹun lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin náà sì fárígá pé fọ́tò tó bá mọ ohun tó ń ṣe é kò ní kọ òróró. Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n níbẹ̀.

N kò kọ́gbọ́n. Nígbà tó pé oṣù méjì tí Dàre ti wà níbẹ̀, mo kọ lẹ́tà olójú-ewé mẹ́ta sí i. Mo mú ìgò yín, ìgò yín gan-an, mo ta òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo ka Sáàmù, inú mi sì dùn pé ọmọ Bàbá mi ni mí lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àwọn kan máa ń rẹ ìwé sínú oògùn olóró, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n bíi lẹ́tà lásán, kí wọ́n lè máa fà á níbẹ̀ bíi sìgá. Àbàwọ́n lára ìwé ni àwọn wọ́dà ń wá kiri. Méjìlá ni wọ́n rí lára tèmi.

Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé lẹ́tà náà. Wọ́n tú yàrá Dàre palẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé n kò gbọdọ̀ wá wò ó mọ́ títí wọn yóò fi yẹ ìwé náà wò. Ohun tí Dàre gbọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi oògùn olóró ránṣẹ́ sí i. Ó rò pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ mi, tí wọ́n ń fipá rán mi níṣẹ́. Kí n má baà tipasẹ̀ rẹ̀ kó sí wàhálà, ó yọ orúkọ mi kúrò nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àlùfáà inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló pè mí láti jíṣẹ́ Dàre fún mi: kí ẹnikẹ́ni má wá mọ́, ká ka òun sí ẹni tó ti kú.

Fóònù mi kò dún fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ń yọ ọ́ wò bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, Bàbá mi. Màámi ti lọ, ẹ̀yin náà ti lọ, ta ló kù fún Dàre bí kò ṣe èmi? Ta ló sì kù fún èmi?

Nígbà tí mo ṣàlàyé òróró náà fún àlùfáà yẹn, ó ní bí ìjọ wa bá lè kọ̀wé pé àṣà wa ni láti máa ta òróró sí nǹkan, yóò ràn wá lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọ. Èmi tí mo ti fi Dàre jẹ ọ̀gá ní Manchester.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí, mo jáde síwájú nínú sùtánà mi, mo sì tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, ti ẹrù olè, ti òróró, ti Manchester. Ìka ẹsẹ̀ mi ni mo ń wò. Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ dìde, ará Èkìtì yẹn tó máa ń bá yín jiyàn lórí ẹni tí yóò tan àbẹ́là.

“Sister, why now? Ṣé tí ọmọ bá ṣubú, a máa ń fi nǹkan bò ó mọ́lẹ̀ ni? Dàre yìí, is he not our boy? Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tí Mummy yín ṣaláìsí o! Ta ní mọ̀ ọ́n rìn tí orí ẹ̀ kì í mì? Ẹ mú bíró wá, jàre.”

Ẹ̀yìn ìsìn ni wọ́n kọ ọ́, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló fọwọ́ sí i. Bàbá kan ti ń na ọwọ́ sí ìgò láti ta òróró sí lẹ́tà náà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Gbogbo wa la jọ pariwo mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn náà, mo ń da ẹ̀wà inú agolo sínú ìkòkò ni fóònù dún. Dàre ni, ó ti dá orúkọ mi padà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Mo sáré gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

“Sis, wọ́n ti test ẹ̀. Ṣé Daddy's oil ni? All this wàhálà, Daddy's oil? The same one tó ba photo mi jẹ́?”

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

“Abeg, má fi oil sí nǹkan kan mọ́. Just come, sis. Ṣáà máa bọ̀.”

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ dé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ kó ní òun kò mọ nǹkan kan, irọ́ yẹn ìbá sì gbè é. Dàre dìde níwájú adájọ́, ó ní òun mọ̀, òun sì wa ọkọ̀ náà. Kò di ẹrù ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, wọ́n yọ oṣù tó ti lò kúrò níbẹ̀. Ìyá Ìjọ àti obìnrin mẹ́rin mìíràn jókòó tì mí nínú kóòtù. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ó wo ọ̀dọ̀ wa, kò sì tẹrí ba. Èmi sọ òtítọ́ nítorí pé mo nílò ìwé ìjọ. Òun sọ tirẹ̀ nígbà tí òtítọ́ yóò pa á lára. Bàbá mi, ọjọ́ tí wọ́n dá a lẹ́jọ́ ni orí mi wú jù lọ pé àbúrò mi ni. Ṣé ó burú bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn?

Nísinsìnyí, ó ń kọ́ ọkùnrin kan tó tó bàbá rẹ̀ láti kàwé, kí ó lè máa dá ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin àti òun kò rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ẹ lọ, nítorí kò wá sí ìjọ mọ́. Ó dùn ún ju bó ṣe ń ṣe lójú lọ. Ó sì dun èmi náà pé n kò là yín níjà.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́tà rẹ̀ dé. Yorùbá ló fi kọ ọ́! Dàre tó jẹ́ pé bí ẹ bá ní kó kí àlejò, yàrá ni yóò sá lọ. Ó kọ ọ́ bí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Ó bèèrè bóyá mo ń jẹun. Ó ní kí n bá òun sọ fún Daddy ibi tí òun wà, kí n má fi nǹkan kan pa mọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ìgbà tí mo fẹ́ ká a padà ni mo tó rí i: ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé náà, ó fi pẹ́ńsùlù fa àgbélébùú kékeré kọ̀ọ̀kan. Kò ní òróró níbẹ̀, Bàbá mi.

Lẹ́tà tèmi yìí kò ní kọjá níwájú wọ́dà kankan. Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, n ó gbé e wá sí ojú oórì yín. Mo ti mú ìgò yín jáde, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Igun mẹ́ta ni mo ta òróró sí. Pẹ́ńsùlù ni mo fi fa àgbélébùú sí ìkẹrin, ti Dàre nìyẹn.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin,
tí orí rẹ̀ ń wú nítorí yín, tó sì ń wú nítorí àbúrò rẹ̀.