Ẹni Tó Wà Nínú Ògiri Kelupata

                                        Ojúlé Kejìlá, Àtẹ̀gùn Olókùúta,
                                        Kelupata,
                                        La Paz, Bolivia.
                                        Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹta, 1997.

Felisa ọ̀rẹ́ mi àtàtà, tí a jọ jẹun nínú abọ́ kan,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ṣé ooru Buenos Aires kò tíì yọ́ yín tán? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn rẹ ti ń rìn. Ọlọ́run á dá a sí. Mo tún gbọ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú débi pé èèyàn lè gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ kó má yí. Kò burú, o ti di ará ilẹ̀ títẹ́jú. Ọjọ́ tí o bá tún gun àtẹ̀gùn wa, àárín ọ̀nà la ó ti wá fi aṣọ ìpọnmọ gbé ọ. Ara èmi le. Màmá mi náà wà, orúnkún wọn nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Felisa, jókòó kí o tó ka ìyókù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya. Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà rẹ ni, Gumercindo, ọkọ Màmá àgbà Encarnación. A ti rí i.

O mọ bí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ṣe máa ń ṣe wá. Ti ọdún yìí burú jù. Omi ya wọ ẹ̀yìn ògiri ńlá tó gbé àtẹ̀gùn ró, ni Braulio, alága àdúgbò, bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ ẹnì kan, kí a lọ wa gọ́tà síbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú la ṣe é, ọkùnrin ń wa ilẹ̀, obìnrin ń fi aṣọ ìpọnmọ ru ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bàbá wa ṣe kọ́ Kelupata nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò láàárín ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á wó ilé lọ́jọ́ Ajé, tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òrùlé á ti padà sórí rẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pè wá ní ewúrẹ́, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ewúrẹ́ kì í já bọ́ lókè. Ògiri yẹn ló jẹ́ ká lè máa fọ́nnu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wó nígbà tí bàbá àgbà mi, Hilarión, ń darí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1949. Ìgbà kẹrin, ó dúró, kò sì mì mọ́ fún ọdún méjìdínláàádọ́ta.

Nínú sìmẹ́ńtì ìpìlẹ̀ tí omi ti jẹ ni ọwọ́ Braulio ti kan agbárí èèyàn. Níbòmíràn, ọlọ́pàá ni wọn ìbá pè. Ìwọ náà mọ̀ wá. Ẹnì kan bọ́ fìlà onírun orí rẹ̀, ó fi dé agbárí náà. Òmíràn fi sìgá sí i lẹ́nu. Wọ́n ní ñatita tuntun ti dé, agbárí aṣọ́lé tí yóò máa ṣọ́ wa. Ilé ìyá rẹ ní mẹ́ta nígbà tí a wà ní kékeré, tiwa ò ní ẹyọ kan, ilé wa ló sì sún mọ́ ògiri jù, ni wọ́n bá gbé e wá fún wa. Ọ̀kan nínú eyín iwájú rẹ̀ jẹ́ wúrà, wọ́n gbẹ́ ìràwọ̀ kékeré sí i.

Màmá wo eyín yẹn, wọ́n sì dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un."

Braulio ní, "Màmá, kí ló dé? Àlejò tí ò ní ikùn, ṣé ó máa jẹ ọ̀dùnkún yín ni?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo gba agbárí náà lọ́wọ́ Braulio, mo gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ń dùn mí báyìí pé mo rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ kejì ni nǹkan ti yí padà. Ilẹ̀kùn wa kò ṣeé tì mọ́. Káfíńtà bá mi fá etí rẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún ti há. Ife tí mo bá gbé sí àárín tábìlì, kí n tó rán ìgbátí aṣọ kan tán, ó ti dé etí tábìlì. Ajá kankan kò gba iwájú ilé wa kọjá mọ́. Wọ́n á dúró lókè àtẹ̀gùn, wọ́n á máa wo ògiri, wọn ò sì ní gbó. Sìgá tí mo bá fi sí agbárí náà lẹ́nu ń jó dé ìdí, eérú rẹ̀ kì í já bọ́. Èyí tó burú jù ni ohùn. Lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo àdúgbò bá dákẹ́, o ó gbọ́ ọ nínú ògiri, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń tún ọ̀fun ṣe. Ẹ̀rù bà mí, Felisa, ṣùgbọ́n mo ní ilẹ̀ tútù ló fà á.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, oorun gbé mi lọ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ti ń retí rẹ̀, torí ojú àlá ni àwọn ñatita ti máa ń sọ orúkọ wọn fún onílé. Ọkùnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà, sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ ọn lára títí dé igbá àyà. Kò bínú rárá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Gumercindo lorúkọ mi. Ẹ bá mi sọ fún Encarnación pé mi ò lọ síbì kankan."

Mo ta jí, orí mi wú. Mo tún wo eyín oníràwọ̀ yẹn. Ṣé o rántí pé Màmá àgbà Encarnación máa ń sọ pé ìràwọ̀ ẹnu ọkọ àwọn ló tan àwọn jẹ?

Mo sọ àlá náà fún Màmá, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n nígbà náà, àwọn ló ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ògiri wó lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn àgbà sọ pé òkè ń béèrè èèyàn, pé bí a kò bá fún un ní ẹnì kan, yóò mú gbogbo ilé. Gumercindo ni wọ́n yàn, torí ó fẹ́ràn ọtí, kò sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí yóò béèrè rẹ̀. Bàbá àgbà mi fúnra wọn ló ń bu ọtí fún un láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Nígbà tí Màmá padà wá kó abọ́, ìpìlẹ̀ ti kún, sìmẹ́ńtì ṣì tutù, fìlà Gumercindo wà lórí pákó, kò sì sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá àgbà Encarnación wá béèrè ọkọ wọn, pẹ̀lú oyún ìyá rẹ nínú. Bàbá àgbà mi sọ fún wọn pé àwọn rí i tó wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Oruro pẹ̀lú obìnrin kan.

Èmi àti ìwọ la jọ máa ń gbọ́ èpè màmá àgbà. Gbogbo ọdún Àwọn Òkú, wọ́n á ṣe búrẹ́dì fún bàbá wọn, wọ́n á ṣe fún àwọn àbúrò wọn tó ti lọ, wọn ò ní ṣe ti ọkọ, torí alágbèrè tó sá lọ kì í ṣe òkú. Wọ́n kú pẹ̀lú ìbínú yẹn. Ìyá rẹ dàgbà nínú ẹ̀sín, ọmọ tí bàbá kọ̀. Ilé wa ni wọ́n ti ń wá sunkún, màmá mi á bu ọbẹ̀ fún wọn láì sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí ji màmá mi.

Ọ̀rọ̀ kì í gbé inú ilé kan ní Kelupata. Lánàá, gbogbo àdúgbò péjọ sórí àtẹ̀gùn. Ògiri ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá. Braulio ní kí a dá agbárí padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, bí ilẹ̀ bá ti gbẹ díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má pè mí ní ìkà. Òkú ti kú. Ilé méjìléláàádọ́ta ló wà lókè yìí, ọmọdé ń sùn nínú wọn."

Ìyá arúgbó kan ní, "Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi ru òkúta ilé mi. Bó bá wó, níbo ni kí n wọ̀?"

Braulio wá ní kí ẹni tó bá fara mọ́ àbá òun na ọwọ́ sókè. Felisa, mi ò ní purọ́ fún ọ, ọwọ́ mi ti wà lókè kí n tó rántí rẹ. Màmá ló fà á sílẹ̀.

Wọ́n dìde tòun ti orúnkún wọn. Wọ́n ní, "Ó ti gbé ilé wa ró fún ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ó tó. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ẹnì kan fèsì láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ wo ọmọ apànìyàn tó ń wàásù fún wa."

Màmá ní, "Ọmọ rẹ̀ ni mí lóòótọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá ta ló po sìmẹ́ńtì?"

Kò sí ilé tí bàbá wọn kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni gbogbo wa ti gbọ́ ọ tí ògiri tún ọ̀fun ṣe. Olúkúlùkù bá gba ilé rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí, Màmá di ẹrù. Agbárí náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, wọ́n pọ̀n ọ́n. Ilé àbúrò mi ní El Alto la wà báyìí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín lónìí ni mo sì fi lẹ́tà yìí rán. Braulio ti ní òun kò lè dúró kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Mi ò lè bá a jà, torí abẹ́ ògiri yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn.

Ka lẹ́tà yìí fún ìyá rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú èyí fún ọmọ ẹni tí wọ́n pa. Bí ẹ bá ní kí a dá a padà sínú ògiri, a ó dá a padà. Bí ẹ bá fẹ́ sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá àgbà, èmi ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ náà, ohun tó bá fẹ́ ṣe Kelupata kó ṣe é. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Nígbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ yín.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbé àbíkẹ́yìn mọ́ra fún mi.

Èmi ni, bí o bá ṣì fẹ́ mi lọ́rẹ̀ẹ́,

Nieves,
ọmọ-ọmọ Hilarión.