Ohun tí Aago Mauroof Kọ Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Èrèlé

Onímìí-Díẹ̀ mi, ọkọ mi tí afẹ́fẹ́ kì í tètè tán fún, mo wọ omi lónìí. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí o ti lọ. Àlejò mẹ́rin — àwọn tó ti gba ìwé ẹ̀rí kejì, tí wọ́n lè mòòkùn dé ọgbọ̀n mítà, tí wọ́n wá rò pé àwọn ti di ẹja.

Bàbá mi ló tukọ̀. Kò gbé wa dé Ẹnu Omi, àlàfo tí ọ̀sà gbà já sí òkun, tó gbé ọ lọ. Àpáta iyùn kékeré tó wà lẹ́yìn erékùṣù ló gbé wa lọ. Ọkùnrin kan mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ tán kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Bàbá ní, "Shiyama, eléyìí ò mí o, ó ń jẹ ẹ́ ni. Ẹ fún un ní búrẹ́dì róṣì kó fi jẹ ẹ́." Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú tì mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ìyá rẹ kò tíì jáde nílé. Àwọn obìnrin tó ń gbá etíkun ń pariwo kó lè gbọ́: "Ọmọ tó padà sísàlẹ̀ nítorí kámẹ́rà àlejò! Kí kámẹ́rà máa wá pè é ní ìyá."

Ọjọ́bọ̀, 6

Ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè mí. Aago ìmòòkùn rẹ tó ń kọ ìjìn àti àkókò sílẹ̀ ni, èyí tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ nígbà tí àwọn apẹja gbé ọ wálé. "Àǹtí, ẹ fọwọ́ síbí. Ó ti kú." Lójú ẹsẹ̀ ló gbá ẹnu ara rẹ̀ mú: "Bátìrì ni mò ń wí o, ẹ má bínú."

Mo ti so ó mọ́ iná kó lè gba agbára.

Ọjọ́ Jímọ̀, 7

Ó tàn.

Bí o ṣe jìn tó nìkan ni mo fẹ́ mọ̀. Ohun tí gbogbo wọn sọ ni pé o ní kí àwọn àlejò méjì tó wà pẹ̀lú rẹ máa gòkè, o padà lọ mú kámẹ́rà tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, o ò sì jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ọ́. Èmi náà gbà.

20 Oṣù Ọ̀pẹ. Ìmòòkùn kìíní: mítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. O dúró ní mítà márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí o ṣe kọ́ mi. O dé ojú omi ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀.

O jáde.

Mo kà á. Mo gbé aago sílẹ̀. Mo tún gbé e.

Àkókò lójú omi: wákàtí mọ́kàndínlógún.

Ìmòòkùn kejì: aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ọjọ́ kejì. Kò ní ìparí: ìgbà yẹn lo rì.

Mauroof. Wọ́n fún mi lóògùn oorun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sùn. O wà lójú omi, mò ń sùn.

Àbámẹ́ta, 8

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Bàbá ń ha ìdí ọkọ̀ létíkun. Mo na aago sí i. Ó mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun ló tukọ̀ yín lọ́jọ́ náà. Mo béèrè ibi tó ti wá ọ. Ó ní inú ọ̀sà. Ó ní ìràwọ̀ Mula, ọ̀kan nínú àwọn tí a fi ń ka ìgbà omi, ló wà lóde, láti ayé baba-ńlá wa sì ni omi Ẹnu yẹn ti ń wọ ọ̀sà láàárọ̀ tí Mula bá wà lóde.

Mo ní, "Ta ló fò sómi wò ó?"

O mọ òfin iṣẹ́ wa: ẹnì kan gbọ́dọ̀ fò sínú omi, kó fi ara rẹ̀ mọ ibi tó ń ṣàn lọ. Kò sẹ́ni tó fò. Jímọ̀ ni, wọn ò fẹ́ pẹ́ kírun. Omi ti yí padà, ó ń jáde sí òkun, ó ń gbé ọ lọ.

"Lẹ́yìn ìrun la padà wá, àwa mẹ́fà, gbogbo wa dorí kodò. Òkú la ń wá, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó wo òkun."

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó burú jù. Kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀, àlejò obìnrin kan nàka sí òkun, ó ní òun rí nǹkan pupa. Bàbá dá a lóhùn pé àsíá apẹja ni.

Rọ́bà àmì rẹ ni, èyí tí òmòòkùn ń gbé sókè kí ọkọ̀ lè rí i. O ti fẹ́ ẹ kún. O ti gbé e sókè.

Mo fẹ́ sáré lọ bá ìyá rẹ. Bàbá di ọwọ́ mi mú. "Má gbà á lẹ́nu mi. Èmi ni n ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ."

Ọjọ́ Ajé, 10

A lọ. Ìyá rẹ gbé tíì kalẹ̀, Bàbá ò fọwọ́ kàn án. Ó sọ ti ìràwọ̀, ó sọ ti ìrun, ó sọ ti nǹkan pupa. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Mo rò pé ìyá rẹ yóò ké, tàbí kó dúpẹ́ pé ọmọ òun kò ya aláìgbọ́n. Kò ṣe ìkankan. Ìbéèrè kan ló bi í.

"Nígbà tí ọkọ̀ yín yí ẹ̀yìn padà, ṣé ọmọ mi rí yín?"

Bàbá wò mí. Mi ò gbà á sílẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ̀ wa ga, àna mi. Funfun ni. Ó rí wa."