Àmì Búlúù Tó Dúró Sójú Kan

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú gbèsè. O jẹ mí ní owó ṣáàjì ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí mo san fún bábà tó ń gẹrun níwájú ilé wa, torí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ nìkan la fi ń rí iná. Fóònù mi ni mò ń gbé lọ o, àmọ́ ìwọ ni mò ń ṣáàjì. Láti ọjọ́ tí o ti fi àmì róbótó búlúù yẹn sínú rẹ̀, tí o ní ibi tí àmì náà bá wà ni o wà, mi ò fẹ́ kí bátìrì rẹ̀ tán, kí o má baà dúró sójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo jẹ́ kó kú, ìgbà tó sì tàn padà, o ò kúrò lójú kan fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé ẹ̀bi mi nìyẹn, mo ti yọ ọ́ kúrò nínú owó náà. Ó ku mẹ́rìnlá.

Mo lè kí ọ báyìí. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ ṣìnà lórí bíréèkì, táyà ò ní bẹ́ mọ́ ọ lábẹ́, ọ̀nà tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ ò ní mọ orúkọ rẹ. Tètè ṣe àmín, torí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí àdúrà àti ìbínú dàpọ̀.

Bàbá rẹ wà. Àga tó ń gbò láti ìgbà òjò ló ṣì ń tún ṣe, ó ń gé ẹsẹ̀ kan kó lè bá èkejì dọ́gba, láìpẹ́ orí ilẹ̀ la máa jókòó sí. Ó ní kí n kí ọ, ó ní èyí tí o bá mú ló dára. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń wí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo wá ń wá èyí tó dára ọ̀hún kiri.

Mo gbọ́ ohùn tí o ká ránṣẹ́. Mo ń dá ọ lóhùn bó ṣe ń lọ, o ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ délẹ̀, ṣe lò ń já a gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ ọ níyẹn? Ìdí tí mo fi mú bírò rèé, ìwé ò lè já ọ̀rọ̀ gbà.

Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ ọṣẹ kan fẹ́ gbà ọ́ kí o máa wa tírélà fún àwọn nìkan. Ọṣẹ wọn ni wàá máa kó lọ sí ibi ìkẹ́rùsí wọn, ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, owó oṣù, o sì máa sun ilé lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. O ní ọkàn rẹ pín sí méjì, pé ẹni tó ń gbé ẹrù tọ̀tún tòsì a máa rí owó ńlá lórí ìrìn kan, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ ń pè ní Ọba Ọ̀nà ní wàá dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ó tiẹ̀ ti bá ọ wá ẹrù kan tó máa gbéra lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ẹtì làwọn ọlọ́ṣẹ máa fún ẹlòmíì níṣẹ́ wọn bí o ò bá yọjú.

Ewúrẹ́! Èyí tí wọ́n so mọ́ èèkàn ṣáà mọ ẹni tó máa fún un lóúnjẹ. Èyí tó ń rìn gbéregbère ni gbogbo àdúgbò ń sọ lókò. Ṣé Ọba Ọ̀nà yìí kọ́ ló wá kí wa lọ́dún tó kọjá, tó jẹ́ pé bàbá rẹ ló fún un lówó ọkọ̀ tó fi padà sí ààfin?

Jókòó kí o gbọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo fi ń wo àmì búlúù yẹn, tí mò ń fi èédú fa igi sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lo fi rìn. Ọjọ́ méjìlá lo fi dúró sójú kan lẹ́bàá ọ̀nà, o ní ẹrù lò ń dúró dè. Ta ló sanwó ìdúró fún ọ? Ọjọ́ méjì péré lo fi wà nílé. Owó ńlá tí ò ń wí, o gbà á lórí ìrìn, o sì jẹ ẹ́ tán níbi ìdúró. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àmọ́ ìṣirò yìí ò ju agbára mi lọ.

Fọ́ọ̀mù wọn tí o ní kí n fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí onídùúró tún dá kún ìbínú mi. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ iṣẹ́ mi, àfi bí mo ṣe dé ibi tí wọ́n ti bèèrè pé ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣe dẹ́rẹ́bà. Iṣẹ́ tí ọmọ ò tíì bẹ̀rẹ̀! Mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé nǹkan kan ò ní ṣe é. Wọ́n tún bèèrè nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè, mo kọ ọ́ pé Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kì í lo fóònù. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní mo ti ba fọ́ọ̀mù jẹ́, orúkọ ara mi ló yẹ kí n kọ. Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́. Ìgbà tí mo wọlé ni ìbínú mi wá yíjú síbòmíì. Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ tí o fi ń gbé ẹrù láti ọdún mẹ́fà, ǹjẹ́ ó bi ọ́ rí pé ta ni kí òun pè? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ló máa wá kiri. Ìbéèrè àwọn ọlọ́ṣẹ burú, àmọ́ wọ́n bèèrè.

O tún ń ráhùn pé wọ́n máa fi kámẹ́rà síwájú dẹ́rẹ́bà kó máa wò ó bó bá ń tòògbé. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kó máa wo ojú rẹ látàárọ̀ dalẹ́ ni àánú rẹ̀ ṣe mí. Máa kí i tí o bá wọkọ̀, má ti ìka bọ imú níwájú rẹ̀, kí o sì ní kó máa bá mi wò ó bóyá o ti jẹun.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Nígbà tí ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ wa, gbogbo tírélà tó bá kọjá ló ń juwọ́ sí, tó ń kí i ní bàbá. Mo fún un ní bébà pé kó ya bàbá rẹ̀. Ó ya táyà mẹ́wàá àti iná iwájú méjì. Mo ní orí bàbá ẹ dà? Ó wò mí bí ẹni tí ò gbọ́n, ó ní inú ọkọ̀ ni bàbá òun wà, èèyàn kì í rí i. Ọmọ ọdún mẹ́rin!

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú ìwé yìí. Mo ti kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà mi sábẹ́ ohun tí mo kọ lákọ̀ọ́kọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fà lé àdúrà yẹn, kí wọ́n ṣì lè rí i kà. Fi owó ṣáàjì mẹ́rìnlá ránṣẹ́, kí o fi owó dáta kún un, torí bábà ní àmì náà ń jẹ dáta, ó jọ pé ó ń yó jù ọ́ lọ. Ibi tí o bá fọwọ́ lé á dáa, o ò ní fi iṣẹ́ wá owó kí o fi ilé ṣòfò.

Má pè mí, má sì ká ohùn ránṣẹ́, o máa tún já ọ̀rọ̀ gbà. Níwájú ilé rẹ ni mo ti fẹ́ rí àmì búlúù yẹn láago méje àárọ̀, ìgbà tí ọmọ ẹ máa ń jí, kó lè rí orí rẹ. Mo máa ṣáàjì fóònù kó kún dẹ́nu. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń retí èsì, ibi tí àmì náà bá wà ni mo ti máa kà á.