Ìdánwò Tí Àbúrò Rẹ Yege

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé ti ń jẹ́ kí o sinmi? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ. Àwa náà wà láàyè, ìbàdí ìyá rẹ nìkan ló ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tí inú ti ń bí mi, mi ò sì tíì rí ẹni tí màá kanra mọ́, nítorí wọ́n ní ẹ̀rọ ló ṣẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni. O mọ̀ pé Ọ̀gá Bàtà wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ga jù mí, ó sì sanra jù mí, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ kékeré ń kọ́ láàárọ̀ kan, òun lè fi ọdún kan kọ́ ọ. Láti ọdún mẹ́ta ni ọ́fíìsì tó ń ran irú wọn lọ́wọ́ ti ń rán obìnrin kan wá láràárọ̀ láti wẹ̀ ẹ́, tí ọkọ̀ á sì gbé e lọ sí ibùdó wọn, níbi tó ti ń ká aṣọ ìnura, tó sì ń to bàtà gbogbo ènìyàn sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ogun. Àkókò yẹn ni ìyá rẹ fi ń rí ẹ̀yìn fi lélẹ̀.

Lóṣù tó kọjá ni ọ́fíìsì yan ọmọbìnrin kan, ó ní òun ni alámòójútó ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ. Mo bi í pé irú wọn mélòó ló ń mójú tó, ó ní mọ́kànléláàádọ́rin. Ẹni tí kò tíì bí ẹyọ kan! Ó ní òun ń bọ̀ wá yẹ ọmọ wò, ó sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ ṣáájú: ṣé ó lè wọṣọ fúnra rẹ̀, ṣé ó mọ àdírẹ́sì ilé, ṣé ó lè dá wà nílé. Nígbà tiwa, olùkọ́ tó bá gbé ìbéèrè ìdánwò lọ sílé akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́, mo gbé ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ, bọ́tìnnì kan ṣoṣo la sì fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lé.

Ọjọ́ pé, ọmọbìnrin náà dé. Àbúrò rẹ de bọ́tìnnì mẹ́rin, ìkarùn-ún kọrí sí ihò kẹfà, mo wúkọ́, ó tún un ṣe. Ọmọbìnrin náà bi ìyá rẹ bóyá ó lè dá wà nílé, ìyá rẹ ní kò sí wàhálà, pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó bi mí bóyá ó ń dáná, mo ní òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń wà ní kíṣìnnì. Mi ò mẹ́nu ba ọjọ́ tó ṣí gáàsì sílẹ̀ tí kò tan iná sí i, tó jẹ́ pé télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ló gbóòórùn rẹ̀. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tíì sọ ti ọmọ ẹni. Ọmọbìnrin náà ń fọwọ́ tẹ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ rẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Inú mi dùn, òmùgọ̀ ni mí.

Lẹ́tà dé. Mo ti ka ìlà àkọ́kọ́ sókè pé inú wọn dùn púpọ̀ sí àbúrò rẹ kí ojú mi tó dé ìkejì, pé nítorí pé ó ti lè dá dúró, ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ kò ní wá mọ́ bí oṣù yìí bá parí, wọ́n sì ti fún ẹlòmíràn láyè rẹ̀ ní ibùdó. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mi ò rí ilé ìwé tí wọ́n ti ń lé ẹni tó yege. Mo fa bírò pupa yọ láti máàkì lẹ́tà náà, àbúrò rẹ já lẹ́tà gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Kò yege ohunkóhun rí láyé rẹ̀. Àpò àyà ló ń fi í sí, ẹni tó bá sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà wa gbọ́dọ̀ kà á kó tó wọlé.

Mo gba ọ́fíìsì lọ. Mo jókòó láti aago mẹ́jọ di aago kan, kí ọkùnrin kan tó ti inú ihò gíláàsì sọ fún mi pé ẹ̀rọ ti pa fáìlì àbúrò rẹ dé. Mo ní kó ṣí i. Ó ní ẹ̀rọ kò gbà. Mo ní kó pe ọ̀gá ẹ̀rọ náà fún mi. Ó ní ẹ̀rọ kò lọ́gàá. Mo bi í pé ta ló wá ń gba owó oṣù nínú àwọn méjèèjì? Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, èmi ò rín. Ó wá ti fọ́ọ̀mù kan sí mi, ó ní bí mo bá fẹ́ kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kí n kọ gbogbo ohun tí ọmọ mi kò lè ṣe, pé wọ́n á kà á sókè lójú rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ ọ. Ẹ̀tọ́! Wọn ò fún un lẹ́ni tí yóò wẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ àbùkù ara rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo ìwé yẹn bí ẹni ń wo ejò. Láàárọ̀ yìí mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé èmi bàbá rẹ̀ kò lè gbé e dìde mọ́ bó bá jókòó sílẹ̀ ní balùwẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, pé àwa méjèèjì kò lè sáré bá a bó bá já sí títì, pé a kò lè máa ṣọ́ gáàsì láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ojú ìwé méjì gbáko, ohun tí àwa kò lè ṣe ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá kà á, àbúrò rẹ á gbọ́ pé bàbá àti ìyá òun fìdí rẹmi. Òun yege.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kà á fún wa ní ọ́fíìsì. Fowó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n bí o bá lè wá fúnra rẹ, ìyẹn ló dára jù, kí o jókòó ti ìyá rẹ, torí ojú lè tì í kó ní àsọdùn ni mò ń sọ.

Ọlọ́run kò ní fi ọ́ sábẹ́ ẹni tí ẹ̀rọ ń rán níṣẹ́. Níbi tí o bá ti nílò ènìyàn, ènìyàn ni wàá bá níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tí inú ṣì ń bí.