Kẹ̀kẹ́ Tó Máa Gbé Ọ Wálé

Ìjagun, Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá.

Edith, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Ṣé ara le? Ṣé ọyẹ́ ò tíì là ọ́ létè ní Ìbàdàn? Ní tèmi, ara mi le koko, àfi itan tó ń ro mí, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí kí n tó sọ gbólóhùn méjì, wàá ti ní rárá. Ìwé ò lẹ́nu tí wàá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó bínú.

Mo dé ọ̀dọ̀ Màmá rẹ ní Òdogbolu lóṣù tó kọjá. Wọn yóò pé ọgọ́rin ọdún ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Wọn ò dárúkọ aṣọ, wọn ò dárúkọ màlúù. Wọ́n ní, "Rodiat, Edith nìkan ni mo fẹ́ rí." Ó dùn mí wọra. Ó di ọdún mẹ́ta tí mọ́tò ti gbé ọ takìtì, tí o sì búra pé o ò ní wọ mọ́tò mọ́ láyé. Mi ò bá ọ jà sí i. Ṣùgbọ́n o ò búra nípa kẹ̀kẹ́ ológeere.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ra kẹ̀kẹ́. Zayd tó ń tà á kọ́kọ́ fi èyí tó ń dán gbinrin hàn mí, ó fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Ó wù mí, mi ò ní purọ́. Bàbá Simeon tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló dá mi dúró: "Ọmọ mi, ọ̀nà jíjìn lo ní o ń lọ. Tí irin bá kán ní Mámù, wẹ́dà èyíkéyìí á jó o pọ̀. Ta ló máa bá ọ jó èyí tó o gbé dání yẹn, tí kì í ṣe irin?" Mo gbé e kalẹ̀. Onírin ni mo mú. Táyà rẹ̀ nípọn, bíréèkì rẹ̀ ń mú dáadáa, kárià ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀. Ó wúwo, kò sì lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n èmi náà kì í ṣe ọmọge mọ́.

Mo mọ bí o ṣe wúwo tó. Nítorí náà mo di gààrí tó tó ọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo gùn ún lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo gùn ún padà. Nígbà àkọ́kọ́, òkè kan lé mi sọ̀ kalẹ̀, mo sì ti kẹ̀kẹ́ náà títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà kẹta, mi ò sọ̀. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ti ń pè mí ní Ìyá Onígààrí. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni màá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Lọ́jọ́ kejì, màá sinmi. Lọ́jọ́ kẹta, a ó gbéra, a ó sùn ní Mámù lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Tí ẹ̀rù bá bà ọ́ lójú ọ̀nà, sọ̀rọ̀, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n a ó dé Òdogbolu.

Ọlọ́run tó yọ ọ́ nínú mọ́tò ọjọ́sí kò ní jẹ́ kí Màmá ṣe ọjọ́ ìbí yìí láìfojú kàn ọ́. Yóò pa ọ̀nà mọ́ fún wa, ní àlọ àti àbọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kíláàsì kìíní girama,
Rodiat.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Màmá ló fọwọ́ ara wọn rán tìmùtìmù ìjókòó ẹ̀yìn náà. Nígbà tí mo gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn làwọn máa kọ́kọ́ jókòó lé e. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Mo gbé wọn yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ká lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, wọ́n dì mí mú gírígírí. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Kọ ọ́ sí Edith pé mo ti bá a jókòó síbẹ̀ wò. Kó máa bọ̀."