Bá Mi Nu Ẹ̀jẹ̀ Kúrò Nínú Fọ́tò Ojú Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ ò fi iṣẹ́ fọ́tò pa ọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú rẹ rí ohun tí tèmi ń rí. Bàbá rẹ ń kí ọ, àbúrò rẹ náà ń kí ọ, eyín iwájú rẹ̀ ti yọ.

Ọmọ mi, ojú òsì mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo rò pé èéfín ló kún yàrá, mo ń wá ibi tí iná ti ń jó, àfi ìgbà tí mo di ojú kan tí èéfín sì pòórá. Mi ò tíì pé ogójì ọdún o! Lánàá, mo rán ẹnu ọwọ́ búláòsì ìyàwó tíṣà pa, ó ní ṣé àpò lòun ní kí n rán ni. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo wọ yàrá lọ sunkún.

Dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́yìn ojú ló dí. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde, ó wá ń jò sínú ojú, bíi gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa tó bá dí tí omi ń padà wọ balùwẹ̀. Ó ya inú ojú náà ní fọ́tò. Háà! Bí ìgbà tí yíǹkì pupa dà sórí ìwé ni. Ó ní lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ òun máa gún abẹ́rẹ́ sí i. Nínú ẹyinjú o! Kò sì ṣèlérí pé màá ríran padà.

Mo bẹ̀bẹ̀ gba fọ́tò náà, òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Ṣé o rántí bí o ṣe nu àpá iwájú orí mi kúrò nínú fọ́tò ọjọ́sí? Látìgbà náà ni àpá ọ̀hún ti ń parẹ́ lára mi. Jọ̀ọ́, bá mi nu ẹ̀jẹ̀ yìí náà, kí o la ibi tó dí, má fọwọ́ kan àwọn iṣan tó dáa. Bàbá rẹ ní fọ́tò kì í ṣe oògùn. Mo ní kí ló dé tí dókítà fi kọ́kọ́ wò ó kó tó mọ oògùn?

Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó ọkọ̀ ọsibítù ránṣẹ́. Tí kò bá sí, má yáwó. Ṣùgbọ́n ya ojú tìrẹ náà ránṣẹ́, kó tóbi dáadáa, kó dé ṣáájú Ọjọ́bọ̀, kí n wò ọ́ yó.

Ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ ò ní kú láéláé.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Má bínú pé ìlà yìí wọ́. Mo di ojú ọ̀tún ni, kí ojú òsì náà lè kí ọ.