Ògì Mi Kì Í Kan

Èmi ni mo ń fi oògùn sí ògì tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ń mu. Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ́kọ́ bú mi kẹ́ ẹ bú mi tẹ́rùn, mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èébú ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi dá sí i, torí obìnrin kan fẹ́ tìtorí mi ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ níwájú Ọlọ́run àti èèyàn, Àjíǹde ò sì jìnnà mọ́.

Ìlú wa wà láàrin Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ògì ni mò ń tà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan mu ẹ̀kọ tí wọ́n fi ògì mi ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ìyá rẹ̀ sì fi igbe bọnu wá bá mi lọ́jà, ó da ògì mi sílẹ̀, ó ní ìdọ̀tí ni mò ń tà fáyé. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè. Mo sáré lọ bá oníkẹ́míìsì, mo ní kí lèèyàn lè lò tí ìgbẹ́ gbuuru ò fi ní í ṣe ọmọ, ó sì nawọ́ sí kápúsù aláwọ̀ méjì yẹn, pupa àti yẹ́lò, èyí tí gbogbo yín mọ̀. Ó rò pé ọmọ mi ni mo fẹ́ rà á fún... mi ò la ẹnu sọ fún un pé inú básíà ni mo fẹ́ tú u sí. Bí mo bá ti sẹ́ ògì tán, tó tòrò sílẹ̀, màá da omi àkọ́kọ́ nù, màá bu omi tuntun sí i, màá wá tú kápúsù sínú rẹ̀, màá rò ó pọ̀. Ẹ má rò pé ìkà ni mo fi ṣe é o. Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe! Mo ní ìyá wo ló tún máa bú mi, ọmọ wo ló tún máa yàgbẹ́ gbuuru? Ẹ gbà mí gbọ́, bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Wàhálà náà ni pé ó ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò wá bá mi jà mọ́, ògì mi ò sì kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ògì, ẹ mọ̀ pé béèyàn ò bá ń pààrọ̀ omi rẹ̀ yóò kan gógó, tèmi á wà ńlẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n ní ọwọ́ mi mọ́, wọ́n ní ọwọ́ mi tutù, wọ́n ń ti Odò-Ọwá wá rà á, wọ́n ń ti Ìdó-Ilé wá. Ìyìn dùn o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Nígbà tó yá, èmi gan-an ò rántí kápúsù mọ́ bí wọ́n bá ń yìn mí, mo gbà pé ọwọ́ mi ló mọ́ lóòótọ́.

Ohun kan wà tí gbogbo wa ń rí tí a ò fiyè sí. Eyín àwọn ọmọ. Bó ṣe ń hù ló ń pọ́n, ti òmíràn tilẹ̀ dúdú díẹ̀ bí eyín ẹni tó ń jẹ obì, ọmọ tí kò tíì mọ obì yàtọ̀ sí orógbó! A ní omi odò ni. A fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, a máa ń bi wọ́n pé, bàbá kékeré, ta ló bu obì fún ẹ? Ọmọ tèmi tó kéré jù wà lára wọn, mo sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìyá Tóyìn, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń jẹ́. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé wa. Ìjọ tí kì í lo oògùn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń lọ, ẹ̀yin ará ọ̀dọ̀ wa mọ irú ìjọ bẹ́ẹ̀, omi àdúrà àti ààwẹ̀ ni, kò sí àgbo, kò sí abẹ́rẹ́, ká má tilẹ̀ sọ kápúsù. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, alàgbà ni nínú ìjọ náà, kì í fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣeré rárá. Bí inú bá ń run Tóyìn, omidùn ògì mi ni ìyá rẹ̀ máa ń wá bù, tútù ló sì ń fún un mu, torí omidùn kì í ṣe oògùn, oúnjẹ ni. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ó ń sá fún oògùn, ọ̀dọ̀ mi ló ń sá wá... ó sì máa ń kí mi pé mo ṣé.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì tó kọjá yìí, ìgbẹ́ gbuuru mú Tóyìn, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan o, ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò ló ṣe lásìkò náà, àwọn ìyá ń ra kápúsù, kò ràn wọ́n mọ́, a ní ayédèrú ni oníkẹ́míìsì ń kó wá. Wọ́n gbàdúrà fún Tóyìn títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú. Ọkọ wà ní Àkúrẹ́. Ìyá rẹ̀ wò mí, èmi náà wò ó, a gbé ọmọ, ó di inú mọ́tò Adó, ó di ọsibítù. Ká ní ìyẹn nìkan ni, ìjọ ì bá dárí jì í, wọ́n mọ ohun tí ẹ̀rù ikú ọmọ ń ṣe fún ìyá.

Ọwọ́ mi lọ́mọ wà nígbà tí dókítà la ẹnu ọmọ náà. Ó wo eyín, ó wo ìyá. Ó bi í pé láti ìgbà wo ló ti ń fún ọmọ yìí ní kápúsù aláwọ̀ méjì. Ìyá Tóyìn ní òun ò fún un ní oògùn rí láyé òun. Wọ́n gba ìgbẹ́ ọmọ lọ sí láàbù, nígbà tí èsì fi máa jáde, ọkọ ti dé láti Àkúrẹ́, ó dúró tì wá. Dókítà ní kòkòrò tó wà nínú ọmọ yìí, kápúsù yẹn ò lè pa á mọ́, ó ti mọ̀ ọ́n lójú. Ó ní béèyàn bá ń fún kòkòrò ní oògùn díẹ̀díẹ̀, kì í kú, ìjà lèèyàn ń kọ́ ọ, ó sì lè gba inú oúnjẹ bọ́ sí ikùn ẹlòmíràn tòun ti ìjà tó ti kọ́. Ó ní irú eyín báyìí, kápúsù yẹn ló ń ṣe é, kí ìyá má bínú, kó kàn sọ òótọ́. Básíà mi ni mò ń rò, ikùn àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni mò ń rò, gbogbo ẹnu kéékèèké tó ń rẹ́rìn-ín sí mi láàárọ̀. Ṣé mo sọ̀rọ̀? Mò ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ọmọ tó ti sùn.

Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ mìíràn wá, ọmọ yè, ẹ bá mi dúpẹ́. Ìyá ló kù. Ọkọ rẹ̀ ní ó ti ń tan òun jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bímọ, ó ń ṣe àmín lójú òun, ó ń fún ọmọ ní kápúsù lẹ́yìn òun. Ó kó ẹrù rẹ̀ síta. Gbogbo àdúgbò gbọ́ bí Ìyá Tóyìn ṣe ń ké, “Ulé mi tú o! Ulé mi tú, mi ò mọ nǹkan kan!” Ìjọ ní kó má sún mọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́. Pásítọ̀ ní bó bá dìde jẹ́wọ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àjíǹde, àwọn á bá a bẹ ọkọ rẹ̀, bí kò bá jẹ́wọ́, kó máa lọ. Tóyìn wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kàn án. Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá Tóyìn ń sùn báyìí, nínú yàrá tí mò ń kó básíà sí.

Mo ti ṣíwọ́. Àní mo ti ṣíwọ́... ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣíwọ́, ògì kan, kọ́sítọ́mà ní kí ló dé, ọwọ́ mi mà ti yí padà, ọ̀kan dá tirẹ̀ padà fún mi lójú gbogbo ọjà. Mo délé, mo tún tú kápúsù sí i. Ìyá Tóyìn ló ń bá mi sẹ́ ògì náà lọ́wọ́, mo rán an lọ ra iyọ̀ kí n tó ráyè tú u. Ẹ ò rí ayé mi? Kó tó ti ibi iyọ̀ dé, ẹ̀rù ti bà mí, mo da básíà náà nù tòun ti ògì, mi ò sì tún fọwọ́ kan kápúsù láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ síta ńkọ́? Gbogbo ìyá tí eyín ọmọ rẹ̀ pọ́n ni yóò ya bò mí. Wọn á ní mo fi májèlé bọ́ ọmọ àwọn. Ọkọ mi ò mọ̀. Ta ni yóò tún ra nǹkan lọ́wọ́ mi láéláé, iyọ̀ pàápàá? Kí ni wọn á máa pe àwọn ọmọ mi?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló mú mi kọ̀wé sí yín. Ìyá Tóyìn jókòó tì mí, ó ní ó ti sú òun, ọmọ òun lòun fẹ́ rí, òun á dìde lọ́jọ́ Àjíǹde, òun á jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Mo ní ṣé o lò ó ni? Ó ní rárá, Ọlọ́run mọ̀, yóò sì yé Ọlọ́run. Ó ní ìṣòro kan ṣoṣo tó kù ni pé pásítọ̀ á bi òun pé oògùn wo, òun ò sì mọ orúkọ oògùn kankan. Ó ní èmi tí mo mọ ọ̀nà kẹ́míìsì, kí n bá òun wá orúkọ kan tí òun lè sọ. Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní Tẹ́tírà, orúkọ kápúsù aláwọ̀ méjì yẹn gan-an. Ó ń pè é jẹ́jẹ́ kó má baà gbàgbé, ó ń ṣì í pè, èmi ni mo sì ń tún un ṣe fún un...

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún un nínú yàrá, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá mi létí? Àbí kí n lọ bá ọkọ rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́? Àbí kí n dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe tèmi, kí n sọ̀rọ̀ kó tó la ẹnu? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti mọ orúkọ náà pè dáadáa báyìí.